Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ẹ má tíì sanwó kọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì yẹn

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn: kọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jọ pé àwọn tó ń tà á ti wọ gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tó wà nílùú Abẹ́òkúta, títí kan ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa dúró lé lórí jù, torí ohun tí ìyá yìí béèrè ló wà nídìí àwọn yòókù.

Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣerò ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, nọ́ọ̀sì ló ní òun fẹ́ ṣe. Wọ́n ń polówó kọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì kan fún wa, wọ́n ní fídíò inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ọmọ á sì gba sátífíkéètì tó bá parí. 35,000 náírà ni. Wọ́n fi fídíò kan ṣe jíjí wò fún wa, ó wù mí gan-an, ọkàn èèyàn ń lù nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Èmi ò ka báyọ́lọ́jì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tó dáa ni mo fẹ́ rà? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúkú fi owó náà sí lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé. — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Aṣerò

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí 35,000 náírà yẹn ṣì wà ní ìdí ìró yín ná.

Mo mọ irú fídíò tí ẹ ń wí yẹn. Ó dùn ún wò, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wò ó tán, kí ló ṣe? Ó jókòó, ó wò ó, ó ní "ó ti yé mi." Ní gbogbo ìgbà tí mo fi dúró níwájú pátákó, "ó ti yé mi" yìí lọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ mú mi fura. Ẹni tó ti yé gan-an kì í sọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ló máa ń bi èèyàn. Ohun tí kọ́ọ̀sì mú kí ọmọ ṣe ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi ohun tó fi hàn án sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìtòkú mọ oníbàárà tó gbọ́n: á yí àdìrẹ sódì, á wò ó bóyá aró mu ún dé ẹ̀yìn. Fídíò ni ojú kọ́ọ̀sì. Ìbéèrè tó ń bi ọmọ ni ẹ̀yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo ìbéèrè tó wà lábẹ́ orí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo hàn yín, kí wọ́n mú ti genetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ohun tó wà lára òbí ṣe ń bọ́ sára ọmọ. Tí wọ́n bá ní àfi tẹ́ ẹ bá sanwó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ máa bá ọjà yín lọ. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ pe ọmọ, kẹ́ ẹ jọ kà á.

Irú méjì lẹ máa rí. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé: ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ genetics, irúgbìn wo ló sì fi ṣe ìwádìí rẹ̀? Gregor Mendel ni, ẹ̀wà pea ni, ọdún 1866 ló sì tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ó dáa kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń há a sórí, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n fi ń gbàgbé ẹ̀ tí wọ́n bá ti jáde nínú họ́ọ̀lù.

Irú kejì rèé: AS ni jínótáìpù ọkọ, AS ni ti ìyàwó. SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, ni ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí. Ìyàwó ti lóyún kejì. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ọmọ inú yìí náà jẹ́ SS? Wọ́n wá to ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀: kò ṣeé ṣe mọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, nígbà tí wọ́n ń béèrè ìwé jínótáìpù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìdáhùn, torí oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tó máa gbà á sódì. Ẹni tó mú "kò ṣeé ṣe mọ́" rò pé ọmọ àkọ́kọ́ ti gba ìdá kan yẹn lọ, ó ku àwọn mẹ́ta tí ara wọn le. Kì í ṣe ọmọ SS2 nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ àwọn tó ti bímọ tí wọ́n fi èrò yìí lóyún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó mú ìdajì ti fi AS pe SS, torí pé AS ló ń kó ìdajì. Ẹni tó mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ka gbogbo àwọn tí kì í ṣe SS. Wọ́n jọ ṣì í, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ kálukú ti yọ̀ yàtọ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá dáa máa sọ fún ọmọ ibi tí tirẹ̀ ti yọ̀. Èyí tí kò dáa máa fi àmì pupa hàn án, á ní "gbìyànjú sí i," ọmọ á sì máa tẹ ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn títí yóò fi bọ́ sórí èyí tó tọ̀nà. Ó máa gba máàkì, kò sì ní mọ nǹkan kan. Ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì lọmọ yín fẹ́ ṣe. Òun náà ló máa jókòó síwájú irú tọkọtaya yìí lọ́jọ́ kan, ní ọsibítù Ìdí-Àbà tàbí níbòmíì, tí wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi wọ́n ohun tí ọmọ máa fọwọ́ ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dákẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni WAEC pín ìdánwò báyọ́lọ́jì sí: ọ́bjẹ́ẹ́tìfù, máàkì 50, tíórì, máàkì 70, práktíkà, máàkì 80. Ẹ ò rí i pé práktíkà ló wúwo jù? Máàkì 80 nínú 200 wà nílẹ̀ fún ọmọ tó lè wo ewé, kòkòrò tàbí eegun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kó fi pẹ́ńsù yà á láìlo ìlà gbágungbàgun, kó kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sí i, kó sì kọ ìwọ̀n tó fi yà á. Ọmọ tó wo fídíò tata fún ọdún kan gbáko kò tíì ya tata.

Wọ́n á ní kò sí lẹ́bù. Iṣu tẹ́ ẹ fẹ́ sè lálẹ́ ti tó. Kí ọmọ gé ègé iṣu méjì, kó bó èèpo wọn, kó se ọ̀kan, kó sì jẹ́ kó tutù. Kó gbẹ́ ihò sáàrin ègé kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ kó lu já. Kó bu omi iyọ̀ tó ki dáadáa sínú ihò méjèèjì, kó fi báírò sàmì sí ibi tó dé, kó wá gbé wọn sínú abọ́ omi lásán tí kò ga tó ẹnu ihò. Kó lọ ṣe iṣẹ́ ilé, kó padà wá lẹ́yìn wákàtí bíi méjì. Omi á ti gòkè kọjá àmì nínú iṣu tútù. Nínú èyí tí wọ́n sè, kò ní gòkè. Omi ti gba ara iṣu tútù lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí, osmosis nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣu sísè yẹn gan-an ló ń kọ́ni: iná ti pa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde ti bàjẹ́, ló ṣe dúró bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá sọ ti iṣu tútù, tí kò sọ ti sísè, ìdajì ló kọ́ ọmọ. Èyí tí kò sọ ìkankan nínú méjèèjì, tó kàn fi àwòrán bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń sáré kiri hàn án, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ẹ tún lè fi ohun kékeré kan mọ̀ bóyá ẹni tó kọ kọ́ọ̀sì náà ṣì ń kàwé. Ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa kíká ahọ́n. Ọ̀pọ̀ ìwé àti fídíò ló ṣì ń sọ pé jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí àwọn kan lè ká ahọ́n wọn, kí àwọn míì má lè ká a. Alfred Sturtevant, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 1940. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan jáde, wọ́n rí i pé ọ̀kan lè ká a kí èkejì má lè ká a, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn. Sturtevant fúnra rẹ̀ gbà ní 1965 pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí òun ṣe sọ ọ́. Ẹ fọkàn bá mi kà á, láti 1965! Láàárín àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ tó báyìí (lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tiwa ni kì í ṣe irú tó ti inú ẹyin kan jáde), kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa fi ìyẹn kọ́ ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ pé búlúù ni ẹ̀jẹ̀ inú iṣan tó ń padà sọ́kàn. Pupa ni. Pupa tó dúdú díẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa dùn mọ́ àpò yín nínú. Ohun tó dáa ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lọ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Khan Academy, ojúlé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní báyọ́lọ́jì tó bá ọjọ́ orí ọmọ yín mu, ìbéèrè wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣàlàyé ìdáhùn. Yunifásítì Rice tó wà ní Texas ní ìwé tí wọ́n ń pè ní OpenStax. Èèyàn lè gbé ti báyọ́lọ́jì wálẹ̀ odindi sórí fóònù láìsan kọ́bọ̀, lẹ́yìn náà kò nílò dátà mọ́ láti kà á. Àbùkù wọn kan náà ni pé kì í ṣe ọmọ wa ni wọ́n kọ wọ́n fún. Igbó ilẹ̀ òtútù àti àwọn ẹranko ibẹ̀ lẹ máa bá nínú wọn. WAEC máa béèrè savanna, ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ sórí ọ̀pẹ, àti ẹ̀fọn. Kí ọmọ gba ìwé síléébù WAEC, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa fagi lé ohun tó bá ti kà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù láìfagi lé ló máa fi ìwé kíláàsì rẹ̀ kà.

Ọ̀rọ̀ lẹ́sìn tí ẹ̀gbọ́n yín sọ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ lọ yọjú síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá bá tíṣà tó ń ka nóòtù jáde tí àwọn ọmọ ń kọ ọ́, fídíò lásán sàn jù ú lọ, torí èèyàn lè dá fídíò dúró. Tẹ́ ẹ bá bá ibi tí àwọn ọmọ ti ń fọwọ́ kan nǹkan, tí ewéko tàbí egungun ẹja wà lórí tábìlì, ẹ gbé 35,000 náírà yín fún un, kẹ́ ẹ tún kí i.

Kí ọmọ fi ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, kí fóònù wà nínú báàgì, kó fi Yorùbá ṣàlàyé fún yín ìdí tí omi kò fi gòkè nínú iṣu sísè. Ẹ̀yin tẹ́ ò ka báyọ́lọ́jì ni ẹni tó dáa jù láti gbọ́ ọ. Tí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín, kó padà lọ kà á. Ẹ má jẹ́ kó fi gẹ̀ẹ́sì yí yín lójú.

Ẹ kú ọ̀sán mà. Mo wà ní 100 level ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ nínú BIO 101 ló ń ṣòro fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan fi kọ́ọ̀sì MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó wà lórí ojúlé ẹ̀kọ́ edX hàn mí, 7.00x. Mo ti forúkọ sílẹ̀, mo wà lápá ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ protein àti bí átọ̀mù ṣe ń so mọ́ra ni wọ́n ń sọ. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó gùn, tẹ́sìtì wa sì kù díẹ̀. Ṣé kí n máa bá a lọ ni àbí kí n fi sílẹ̀? Ṣé kí n sanwó sátífíkéètì? — Ọmọ Yín, Ọbáńtokò

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bi rẹ kọ́, ẹ̀bi kọ́ọ̀sì náà sì kọ́.

Eric Lander ló ń kọ́ni nínú 7.00x. Ó wà lára àwọn tó léwájú iṣẹ́ tí wọ́n fi ka DNA ẹ̀dá èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀sì náà jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ìbéèrè rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀: biochemistry, genetics, molecular biology, bí wọ́n ṣe ń gé DNA tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, genomics. Wá gbé àkòrí BIO 101 tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì ilẹ̀ wa, là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì àti àwọn ohun inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pín ohun abẹ̀mí sí ìsọ̀rí, ìbísí, bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń bára wọn gbé, òfin Mendel, èrò Darwin àti Lamarck nípa bí ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà, àti àyíká. Genetics nìkan ni wọ́n ti pàdé ara wọn dáadáa, àti sẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Kò sí ohun tí kọ́ọ̀sì náà máa sọ fún ọ nípa ibùgbé àwọn ohun abẹ̀mí. Ohun tó dáa ni, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Fo apá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Lọ tààrà sí genetics, ṣe gbogbo ìbéèrè ibẹ̀ pẹ̀lú bébà àti báírò, lẹ́yìn náà kó o gbé e tì títí tẹ́ ẹ fi máa gba ìsinmi. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé o ò parí rẹ̀. Àwọn kan yẹ àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì MIT àti Harvard lórí edX wò. Nínú 100 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ ní sáà 2017 sí 2018, bíi 3 ló parí. Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn 97 tó kù rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí edX bá ti ìbéèrè mọ́ ọ torí pé o ò sanwó, lọ sí OpenCourseWare, ojúlé tí wọ́n kó kọ́ọ̀sì sí lọ́fẹ̀ẹ́, ti MIT náà ni. Wá 7.016, tí Barbara Imperiali àti Adam Martin kọ́ ní 2018. Ìbéèrè àti ìdáhùn wọn wà níbẹ̀, wọn ò ní béèrè orúkọ ẹ. Gbé wọn wálẹ̀ lóru nígbà tí dátà bá rọjú, kó o sì fi fídíò sí 360p. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sí pátákó tí 360p ò lè jẹ́ kó o rí.

Ṣọ́ra fún ibi tí kọ́ọ̀sì òkèèrè àti ìwé tiwa ti máa takora, torí ó máa dé bá ọ. Ìwé tiwa sábà máa ń pín ohun abẹ̀mí sí ìjọba márùn-ún, bí Whittaker ṣe ṣe é ní 1969. Òkèèrè á sọ fún ọ pé ìsọ̀rí ńlá mẹ́ta ló wà lókè gbogbo rẹ̀, bí Carl Woese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1990. Nóòtù ẹlòmíì á ní glucose kan (ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì ń jó) máa ń mú ATP 38 jáde, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára tó ń lò. Ìwé tuntun á ní ó tó bíi 30 sí 32. Kì í ṣe pé ọ̀kan ń purọ́: 38 ni ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sórí bébà, ohun tó kéré sí i ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n ka ohun tó ń jò dànù àti ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ná láti kó ẹrù wọlé. Tó o bá bá irú rẹ̀ pàdé, lọ bá lẹ́kíṣọ́rà rẹ ṣáájú tẹ́sìtì, kó o fọ̀wọ̀ bi í léèrè èyí tó fẹ́. Nínú ìdánwò, kọ èyí tó fẹ́, kó o wá fi ìlà kan sí i pé ìṣirò tuntun sọ báyìí báyìí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń máàkì, mà á fi kún un fún ọ.

Sátífíkéètì: má sanwó. Fi owó yẹn ra aṣọ funfun tó dáa fún lẹ́bù, má sì pa BIO 107, ìyẹn práktíkà báyọ́lọ́jì, jẹ rárá. Kò sí kọ́ọ̀sì orí fóònù tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí máíkírósíkóòpù títí ojú rẹ̀ fi máa mọ́.

Ṣé ọmọ lè fi sátífíkéètì kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì dípò báyọ́lọ́jì WAEC tó já? — Bàbá Kan, Òkè-Ìlèwó

Rárá o, sà. Kò sí yunifásítì tó máa gbà á dípò rẹ̀. Kó tún ìdánwò ṣe, WAEC tàbí NECO.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Láfẹ́nwá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pọ̀, a kì í gbà wọ́n láyè láti mú fóònù wá, iná kì í dúró, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Láptọ́ọ̀pù mi kan ṣoṣo ló wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé ó kàn wá ṣá? — Tíṣà Ẹgbẹ́ Yín, Láfẹ́nwá

Ó kàn yín, ẹlẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò ní wá bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀.

Ẹ wá ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Kolibri. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ Learning Equality ló ṣe é fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé. Ẹ máa gbé e sórí láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan níbi tí dátà wà, ẹ máa yan ẹ̀kọ́ Khan Academy tẹ́ ẹ fẹ́ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá wá rí tábúlẹ́ẹ̀tì díẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n lè fi wáìfáì so mọ́ láptọ́ọ̀pù yín láìná dátà. Má gbé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ o, ó máa kún láptọ́ọ̀pù. Mú báyọ́lọ́jì nìkan.

Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó lò ó. Ẹ máa fi wo bí àwọn míì ṣe ń ṣàlàyé ohun tó máa ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́, irú meiosis (bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín láti di ẹyin tàbí àtọ̀), kẹ́ ẹ wá jí ìbéèrè wọn, kẹ́ ẹ fi orúkọ àdúgbò wa sí i. Ìbéèrè ló ṣeé jí jù nínú gbogbo kọ́ọ̀sì wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó máa mú yín.

Ẹ̀kọ́ àyíká ni mo máa rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ má tiẹ̀ wulẹ̀ lo láptọ́ọ̀pù fún. Kí káfíńtà kan igi mẹ́rin pọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Quadrat yín nìyẹn. Ẹ jù ú sórí pápá, kí wọ́n ka koríko inú rẹ̀. Ẹ tún un jù sí ibòmíì. Ẹ wo alángbá ara ògiri ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn Agama. Akọ tó ní orí pupa bí ọsàn yẹn, tó ń dọ̀bálẹ̀ tó ń dìde lórí òkúta, ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ló ń kéde fún akọ míì. Kí àwọn ọmọ sàmì sí ibi tó máa ń jókòó sí láàárọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá akọ míì ń débẹ̀. Àwọn tó ń gun Àpáta Olúmọ lọ́sàn-án máa ń rí wọn tí wọ́n ń jà níbẹ̀, wọ́n á sì máa ya fọ́tò ara wọn lọ. Ìdánwò WAEC máa béèrè nípa ìwà ẹranko lórí ilẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó máa kọ.

Màmá Tíṣà, ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣe kọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì lórí fóònù ní kí n ra iodine fún òun láti fi wo gààrí. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé kì í ṣe májèlé? Níbo ni wọ́n ti ń tà á? — Bàbá Ọmọ, Àdàtán

Kọ́ọ̀sì tó dáa lọmọ yín rí yẹn, sà. Iodine tí wọ́n ń fi sójú egbò ni, ilé oògùn èyíkéyìí lẹ ti lè rí i, ìgò kékeré ti tó. Kó bu gààrí díẹ̀ sínú ọmọrí, kó kán an lé e lẹ́ẹ̀kan. Á di dúdú aláró, torí sítáàṣì ló wà nínú rẹ̀. Kó kán an sórí ṣúgà náà, kó rí i pé kò ní yí padà bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, kò sì gbọ́dọ̀ da gààrí yẹn padà sínú ike. Kí àwọn àbúrò rẹ̀ jìnnà sí i. Kó sì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àbàwọ́n iodine kì í tètè lọ.